Ẹ fún àwọn àgbà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní igun kan nínú ìwé ìròyìn yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: kí ẹ máa ya igun kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn àgbà ń bá pàdé lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Aránṣọ ń wá, awakọ̀ ń wá, fọkanáísà ń wá, àwọn ìyá tó ń ta ata àti elùbọ́ náà ń wá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ Yorùbá kà. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn nǹkan tí ọwọ́ wọn ń kàn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ wo ìyá kan tó ń ta elùbọ́. Oníbàárà fi fóònù sanwó fún un, áláàtì wọlé látọ̀dọ̀ báńkì. Bóyá "credit" (owó wọlé) ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí "debit" (owó jáde), bóyá owó náà ti "successful" (ó ti yọrí) tàbí ó ṣì ń "pending" (kò tíì yọrí), ìyá kò lè sọ. Yóò pe ọmọ ìsọ̀ kejì kó wá bá òun kà á. Ọmọ ka owó tó wọlé, ó tún ka iye tó wà nílẹ̀ nínú àkáǹtì ìyá, ó sì pariwo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlà ọjà ti mọ iye tí ìyá ní. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi áláàtì ayédèrú kó ọjà ọlọ́jà lọ náà ti mọ ẹni tí àwọn máa lọ bá.

Ti ilé ìwòsàn ló ń dùn mí jù. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá ń bi obìnrin léèrè ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló dúró sáàárín tó ń túmọ̀. Ojú ń ti ìyá, ojú ń ti ọmọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ni yóò dé etí nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá wá fún un lóògùn, ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó mi ìgò náà dáadáa kó tó lò ó, pé kó gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó, pé bí oṣù báyìí ọdún báyìí bá ti kọjá, kó dà á nù. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ìyá àgbà tó ń fi àwọ̀ páálí dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá yí àwọ̀ padà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa mọ̀ kó tó bọ́ lọ́wọ́ irú ìyà yìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kó wá fún wa láti fi kọ́ wọn, èso ápù ló fi bẹ̀rẹ̀, yìnyín tó bo ilẹ̀ ìlú òyìnbó ló tẹ̀ lé e. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kí aránṣọ dárúkọ àwọn nǹkan tó wà lórí tábìlì rẹ̀ fún mi. Ó ní sísọ́ọ̀sì, téèpù, bọ́tìnnì, síìpù. Fọkanáísà ní táyà, túùbù, jáàkì, sípánà. Mo kọ wọ́n sójú pátákó bí Yorùbá ṣe ń kọ wọ́n, mo sì kọ bí òyìnbó ṣe ń kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ̀rín gba gbogbo kíláàsì nígbà tí wọ́n rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́nu àwọn. Láti ibẹ̀ la ti ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀: "It is too tight" (ó fún jù), "Come back tomorrow" (padà wá lọ́la), "How much will you pay?" (èló lo máa san?). Ohun tí oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá máa sọ la kọ́kọ́ ń kọ́, lẹ́yìn náà, ohun tí wọn yóò fi dá a lóhùn.

Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá máa kọ́ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èdè méjèèjì ti ya ara wọn. Lẹ́nu tiwa, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ lé ara wọn, ìparí ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní fáwẹ̀lì. Ìyẹn ló fà á tí a fi ń pe "bread" òyìnbó ní búrẹ́dì. A kò ní ìró v, a kò ní z, a kò sì ní èyí tí òyìnbó ń fi th kọ. Ẹni tó mọ Yorùbá kà dáadáa tún ní ìṣòro kan tí púrúńtù kò ní: bó bá rí p nínú ìwé òyìnbó, p inú "pápá" ni yóò pè é, bẹ́ẹ̀ òyìnbó kò ní ìró yẹn rárá. Ètè nìkan ni wọ́n fi ń pe tiwọn. Tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣe é. Àwa ará Ìbàdàn tí a máa ń fi s pe ṣ nílò sùúrù olùkọ́ kí "ship" tó jáde bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í pààrọ̀ aṣọ. Mo lọ lánàá, mo máa lọ lọ́la, "lọ" náà ni. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ewúrẹ́ ni o, "ó" kan náà la fi ń pè wọ́n. Nítorí náà, bí ìyá kan bá fi "she", tí òyìnbó ń lò fún obìnrin nìkan, pe ọkọ rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ pé. Èdè rẹ̀ ni kò pín in bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi Yorùbá ṣàlàyé èyí fún un, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti yé e. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún un, ibi tí mo bá a ni mo máa fi í sí.

Èyí kì í ṣe àbá orí mi lásán. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn yòókù fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 3, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọlọ́dún 6 kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ọdún 6 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa jẹ́ èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Ó dùn mí wọra, torí pé mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń gbé ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ti jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwé nígbà kan rí. Wọ́n da Gẹ̀ẹ́sì bò wọ́n kí wọ́n tó mọ ìwé kà, ẹni tó bá sì la ẹnu sọ Yorùbá ń san owó ìtanràn. Wọ́n jáde láì rí ọ̀kan mú nínú méjèèjì. Kì í ṣe pé mo ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n kà á, kí wọ́n fi wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Olóòtú, iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀ yín sí yìí kò ṣàjèjì sí ìwé ìròyìn Yorùbá. Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta ní 1859, nígbà tó sì di 1860, ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kún Yorùbá inú rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ní 1843, Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé tó to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀.

Bí ẹ bá gbà, ẹ mú ibì kan lọ́sẹ̀ kan: báńkì lọ́sẹ̀ yìí, ilé oògùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ibùdókọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ìwé ọmọ. Ẹ kọ gbólóhùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi lẹ́tà Yorùbá kọ bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní odindi gbólóhùn. Bí ẹ bá kọ ìbéèrè, ẹ kọ ìdáhùn tì í. Ẹ má ṣe yọ àmì ohùn sílẹ̀ lórí Yorùbá rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa fi gbé ara lé. Mo ti ń to irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jọ láti kíláàsì wa, mo sì ṣe tán láti fi wọ́n ránṣẹ́ láì gba kọ́bọ̀. A ó máa gé ojú ewé náà, a ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ti ìròyìn yòókù lọ, nítorí iná kì í sí lọ́pọ̀ ìgbà, ojú àwọn ìyá mìíràn kò sì ríran dáadáa mọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn