Ẹ Wo Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Gba Fọ́ọ̀mù Másítà

Sí Olóòtú,

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kì í yé bi mí, pàápàá àwọn tó ti wáṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì láìrí: ṣé kí àwọn padà sílé ẹ̀kọ́ lọ gba oyè másítà, kí ọ̀nà lè là? Nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò, tí èmi fúnra mi sì gba oyè náà láìmọ ìdí tí mo fi ń gbà á, mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti fèsì.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n wá ìpolówó mẹ́wàá fún irú iṣẹ́ tó wù wọ́n gan-an, kí wọ́n sì fi bírò fàlà sábẹ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ sọ pé òun ń wá. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá bèèrè másítà, kí wọ́n lọ gba fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ abẹ́ ìrírí ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ìlà yẹn ń bọ́ sí ṣáá, a jẹ́ pé ẹni tó sá wọ kíláàsì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, nítorí yóò jáde tán, ìrírí tí wọ́n ń bèèrè kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, másítà ni ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ń nira fún gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gbàwé àṣẹ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé níbẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe alábòójútó ìwé. Ní ti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti ṣe ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n gbé wá.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Michael Spence, ṣàlàyé ní ọdún 1973 pé ìwé ẹ̀rí lè mú kí owó oṣù ènìyàn ga láìjẹ́ pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ fi kún agbára iṣẹ́ onítọ̀hún, nítorí pé agbanisíṣẹ́, tí kò mọ olùwáṣẹ́ rí, ń wo ìwé náà bí àmì pé ẹni yìí lè fara da iṣẹ́ tó le. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001, pẹ̀lú George Akerlof àti Joseph Stiglitz. Mo gbà pé òótọ́ ni, àmọ́ àmì tí gbogbo ènìyàn bá ti so mọ́rùn kì í fi ẹnì kan hàn mọ́, ìgbà náà sì ni ìbéèrè àwa tó jókòó sídìí tábìlì máa ń yí padà di “kí lo ṣe níbẹ̀?”

Mo rántí ọ̀dọ́bìnrin kan tí a bi ní ìbéèrè yẹn. Ó ní òun pín ìwé ìbéèrè fún àwọn òṣìṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kò sì dáhùn. Òun padà lọ bá wọn, òun wá rí i pé ìbéèrè kẹrin, tó dá lórí owó oṣù, ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Òun yọ ọ́, òun tún ìwé náà pín, ìdáhùn sì wọlé. Kò sẹ́ni tó rántí bi í ní máàkì tó gbà. Ẹni tó wọlé tẹ̀ lé e mọ àkòrí iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ lórí dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé kí ló dé tó fi yan ọ̀rọ̀ náà, ó wo òkè àjà, ó ní, “Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló fún mi.” Ara mi ni mo rí nínú ọmọ yẹn. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn nígbà tèmi, nítorí ńṣe ni mo sáré wọ másítà nínú ẹ̀kọ́ kan náà tí mo fi gba dìgírì àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà máa bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Ọdún méjì gbáko, ibi tí mo ti kúrò náà ni mo padà sí.

Àkókò tó ń gbà kì í ṣe kékeré. Nínú ètò ECTS tí àwọn yunifásítì Yúróòpù fi ń díwọ̀n iye iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀kọ́ kan, ẹyọ kírẹ́díìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, másítà tó kúrú jù lọ sì jẹ́ kírẹ́díìtì 60. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí 1,500 ni, ó kéré tán. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, tó sì ń rí wákàtí 15 fi kàwé lọ́sẹ̀, yóò lo 100 ọ̀sẹ̀, bí ọdún méjì nìyẹn, láìka ọ̀sẹ̀ tí àárẹ̀ tàbí ọmọ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó ń jèrè másítà jù, torí pé ó ti mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ kù sí lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè fi ìṣòro ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí.

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Àwa agbanisíṣẹ́ ni a máa ń kọ “ẹni tó bá ní másítà ni a ó kọ́kọ́ gbà yẹ̀ wò” sí abẹ́ ìpolówó iṣẹ́ tí kò nílò rẹ̀, tí ọmọ ọlọ́mọ yóò sì lọ yá owó nítorí gbólóhùn kan tí a kò rò jinlẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, a jókòó lórí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ méjì, mo sì bèèrè pé kí ni ẹni tó ní másítà yóò ṣe nídìí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tí ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ kò ní lè ṣe. Gbogbo wa dákẹ́. Akọ̀wé mú bírò, ó sì pa gbólóhùn náà rẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan