Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Olóúnjẹ Lórí Omi Ẹ̀rọ Ọjà Wa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

A kí yín o, a sì kí àwọn kánsẹ́lọ̀ yín. Àwa tí a ń se àmàlà, fùfú àti ìrẹsì tà nínú ọjà yìí, nílùú Ìbàdàn, ni a fìmọ̀ ṣọ̀kan láti kọ ìwé yìí, nítorí pé omi ẹ̀rọ tí a fi ń dáná kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Kì í ṣe pé ìlú wa kò ní orísun omi. Láti 1942 ni wọ́n ti sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, ìsédò Aṣéjirẹ sì wà lórí odò Ọ̀ṣun. Ojú ọ̀nà ni omi ti ń bàjẹ́. Inú gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn alápatà ni páìpù tó gbé omi wọ ọjà gbà kọjá. Ó ti dípẹtà, ọ̀rá ni wọ́n sì fi so ibi tó ti lu. Bí omi bá ń yọ dáadáa, yóò máa jò síta, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa á tí inú páìpù ṣófo, omi gọ́tà ni yóò máa gba ojú ihò kan náà wọlé. Ìdí nìyí tí omi àkọ́kọ́ tó ń yọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin fi máa ń pọ́n bí omi amọ̀. Ọ̀kan nínú wa pọn ún kún dúrọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ tó mọ́, ó fi se ìrẹsì, àfi ìgbà tó ṣí ìkòkò tí òórùn gọ́tà lé e sẹ́yìn. Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Kí a má purọ́, àmàlà máa ń bò ó láṣìírí nítorí pé ó ti dúdú tẹ́lẹ̀; fùfú ni kì í gbà.

Òótọ́ ni pé omi tó bá hó dáadáa kò ní kòkòrò onígbáméjì mọ́, ṣùgbọ́n iná kì í yọ òjé kúrò nínú omi, a kì í sì í se èyí tí oníbàárà fi ń ṣanwọ́.

Àwọn wolé-wolé ń yẹ ìkòkò wa wò, wọ́n sì ń ti ìsọ̀ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni, a kò bínú. Ohun tó ń dùn wá ni pé kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹnu ẹ̀rọ wò, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ pé chlorine, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, tó kù nínú omi nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó kò gbọ́dọ̀ dín ní mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ bá wa rọ iléeṣẹ́ omi láti gbé páìpù náà kúrò nínú gọ́tà. Àwa fúnra wa yóò san owó àwọn tí yóò gbẹ́lẹ̀. Kí ìyẹn tó parí, kí wọ́n máa bu omi ẹnu ẹ̀rọ wa lọ yẹ̀ wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà ní èdè Yorùbá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí omi lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tú ti inú páìpù dànù.

Ìgò omi méjì wà pẹ̀lú ìwé yìí: ọ̀kan ni èyí tó kọ́kọ́ yọ lọ́jọ́ Ẹtì, èkejì ni ti wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu nínú wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyálájé Ẹgbẹ́