Ẹ má dúró lórí ọlọ́pàá nìkan

Sí Olóòtú,

Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ti yìnbọn ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́: kí wọ́n kó ọlọ́pàá wá sí i. Mi ò ní kí wọ́n má wá o. Àmọ́ ẹ wo Monrovia ní Làìbéríà. Àwọn olùwádìí kó ọkùnrin 999 jọ níbẹ̀, olè àti jàǹdùkú ló pọ̀ nínú wọn. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti fi pín wọn: àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu fún ọ̀sẹ̀ 8, àwọn kan gba $200, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún 10, ìwà ọ̀daràn àwọn tó gba méjèèjì ṣì fi bí ìdajì dín kù. Owó nìkan kò ṣe é.

Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, ọ̀dọ́ 20,000 ni O-YES, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń fún ọ̀dọ́ níṣẹ́, kọ́kọ́ gbà. Bí ìjọba bá tún fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ yẹn kún un, kí wọ́n wá àwọn ọmọ tó ti ń bá ìbọn ṣeré lọ sí àdúgbò wọn (àwọn yẹn kì í ní lẹ́tà olóṣèlú lọ́wọ́), kí àwọn olùkọ́ yunifásítì UNIOSUN sì máa ṣèwádìí àbájáde rẹ̀ lọ́dọọdún.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo