Ibi tí àwọn alábàárù fítámì B12 ti ń wá

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ìbéèrè inú rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. O ní ṣebí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe gbogbo prótéènì tó ń gbé fítámì kiri inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ti fítámì A àti D, o kò jìnnà sí òótọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ti B12 yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà ló sì wù mí jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀.

Alábàárù méjì ni B12 ní níbẹ̀. Haptocorrin ló di nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ mú, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí mùdùnmúdùn eegun ń pèsè ni púpọ̀ nínú haptocorrin yìí sì ti ń wá. Transcobalamin ló gbé ìyókù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹrù tirẹ̀ kéré, síbẹ̀ òun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì káàkiri ara ń ṣílẹ̀kùn fún, nígbà tí haptocorrin a máa rìn káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹ̀dọ̀ tó gbà á wọlé.

Ní ọdún 1971, àwọn oníṣègùn kọ̀wé nípa ọmọ ìyá méjì tí a bí láìní transcobalamin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lẹ́jẹ̀ lára tó, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò lè sọ pé B12 rẹ̀ pé, nítorí pé haptocorrin ṣì gbé tirẹ̀ dání. Òdìkejì rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń pọ̀ láìníjàánu: haptocorrin á kún inú ẹ̀jẹ̀, iye B12 á sì ga fíofío, láìjẹ́ pé aláìsàn náà lo fítámì kankan. Kódà ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dì nínú ìgò àyẹ̀wò kò bọ́ níbẹ̀, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ ṣì ń tú haptocorrin sílẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn ilé àyẹ̀wò kan ṣe ń wọn B12 tí transcobalamin gbé nìkan, èmi náà sì fara mọ́ ọn. Bí o bá tún kọ̀wé, jẹ́ kí n mọ èyí tí wọ́n ń wọ̀n níbi iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.