Ẹ yéé bú àwa ìyá, ẹ kọ́kọ́ bi wá ná

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwa ìyá tí a ò jẹ́ kí wọ́n gún ọmọbìnrin wa ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ yẹn, ojú wa ò tíì là, òpè ni wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè kí n fèsì, torí èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ń bú. Ọmọ tèmi sì ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún o, kẹ́ ẹ má rò pé abẹ́rẹ́ ni mò ń bá jà.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. October 2023 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ mi ti pé 11 nígbà yẹn. Ó ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na pépà kan tó ti rún wómúwómú sí mi, òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀, wọ́n ní kí n sáìnì kó mú un padà lọ́la. Lọ́la kẹ̀! Aró kún ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́, mi ò rí ẹni bi, mo ní mi ò sáìnì. Nígbà tó dọ̀la, tíṣà kan sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé àwọn tí ìyá wọn ò kàwé ni ò mú fọ́ọ̀mù wá. Ẹkún lọmọ sun délé.

Mo mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ṣe fún wa. Ìyá tó bí ìyá mi, àpá ilẹ̀ẹ́gbóná wà lójú wọn títí wọ́n fi kú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn rí bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sórí iyanrìn. Wọn ò jẹ́ dárúkọ ẹ̀, Olóde ni wọ́n máa ń pè é. Ọmọ ìyá wọn méjì ló bá a lọ, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún, wọ́n ní kí wọ́n máa dúpẹ́ ni. 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé, abẹ́rẹ́ ló lé e lọ.

Ṣùgbọ́n tá a bá ń sọ̀rọ̀ ojú tó là, ẹ jẹ́ ká sọ ti Henrietta Lacks náà, torí òun àti abẹ́rẹ́ ọmọ mi tan. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà ni, abiyamọ ọlọ́mọ márùn-ún, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ yìí náà ló mú un tó fi lọ sí ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore ní 1951. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó jẹjẹrẹ náà, wọn ò bi í, wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Ti àwọn ẹlòmíì tí wọ́n ti ń gé tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ kú, àmọ́ tiẹ̀ ò kú, ńṣe ló ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ó ṣì ń pọ̀ ní láàbù kárí ayé. Òun alára ò rí ìparí ọdún yẹn, ọdún 31 péré ló lò láyé. Wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wò, nígbà tó yá Harald zur Hausen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí kòkòrò HPV 18, tó wà lára àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, nínú ẹ̀, HPV 18 yẹn sì wà lára àwọn tí abẹ́rẹ́ ọmọ mi ń dènà. Àwọn kan ti ń tà á, owó ti ń wọlé, ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ò gbọ́ nǹkankan títí tó fi di àwọn ọdún 1970. Ṣé òpè ni wọ́n ni, àbí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n?

Bàbá yẹn tún fi àwọn ará Kano ṣẹ̀sín, pé wọ́n kọ oògùn pólíò ní 2003. Bàbá náà ò wá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 1996. Yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ níbẹ̀ nígbà yẹn, Pfizer, ilé iṣẹ́ apoògùn ará Amẹ́ríkà, gbé oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan dé, wọ́n kó ọmọ 200 jọ, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíì, 11 nínú wọn kú. Ilé iṣẹ́ náà ní oògùn àwọn kọ́ ló pa wọ́n, àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé wọ́n ń dán nǹkan wò ni, ní 2009 Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano. Kíkọ̀ tí àwọn ará Kano kọ oògùn pólíò yẹn ṣe jàǹbá o, mi ò purọ́, àrùn náà tún ràn dé orílẹ̀-èdè mìíì. Kí ló wá mú wọn gbà á ní 2004? Èébú kọ́. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ará Kano yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì lọ ra èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí bíi tiwọn.

Èmi náà, nọ́ọ̀sì kan tó wá ra àdìrẹ ló bá mi sọ ọ́. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní ara ọkùnrin sí obìnrin ni kòkòrò yẹn ń gbà ràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ́mọ tó mọ ọkùnrin ló yẹ kó gbà á, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, apá á dùn ún díẹ̀, kò ní kó má bímọ. Ó ní kí n má tíì sáìnì, kí n délé bi ọkọ mi ná. Bíi ogún ìṣẹ́jú ló lò (ó sì tún ná mi pa lórí ọjà o!). Lọ́sẹ̀ kejì, fúnra mi ni mo mú ọmọ lọ sí sẹ́ńtà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju yẹn lọ: kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù ní Yorùbá, kó dé ọwọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé òbí ká lè bi í léèrè. Àbúrò ẹ̀ pé ọdún 9 lọ́dún yìí, mo ń retí fọ́ọ̀mù tiẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláàdìrẹ kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta