Ọmọ ọ̀dọ̀ inú àwàdà kì í ṣe òmùgọ̀

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń kọ àwàdà ilé olówó létí. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín kò ju kí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ pè, kí ọ̀gá sì fọ́ ọ létí. Tí ìgbátí yẹn bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àánú ló ń ṣe òǹwòran.

Ọ̀gá ló ni ilé, ọmọ ọ̀dọ̀ ló mọ ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Ẹ jẹ́ kí àlejò mẹ́fà jókòó sí pálọ̀, kí ọ̀gá ní òun fúnra òun lòun máa gbé tíì wá lónìí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kìíní, kò rí ṣíbí. Ó ṣí ìkejì, ìgbálẹ̀ já lù ú. Ọmọ ọ̀dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ojú lásán ló fi ń wo kọ́bọ́ọ̀dù kẹta. Òṣèré tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́, torí òǹwòran mọ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá fi ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lójú àlejò, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Tí ọ̀gá bá wá bi í ní nǹkan, kí ọmọ ọ̀dọ̀ ka ení, èjì nínú ara rẹ̀ kó tó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Tó bá yá jù, kò ní ìtumọ̀, tó bá pẹ́ jù, wọ́n á rò pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ ni.

Ife gidi ni kẹ́ ẹ fi máa dánra wò, kẹ́ ẹ bu omi dé ìdajì rẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ife òfìfo dánra wò, ọjọ́ eré gan-an lọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, ife lá sì máa wò dípò ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìgbátí náà lọ́gbọ́n tiẹ̀. Nínú commedia dell'arte, eré àwàdà àtijọ́ àwọn ará Ítálì, Arlecchino ìránṣẹ́ máa ń mú pákó pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n so ní ìdí dání. Ó kàn rọra kan èèyàn, pákó méjèèjì á gbára wọn pàà, kò ní dunni. Ọ̀gá náà sì máa ń jẹ nínú rẹ̀. Tí kò bá sí pákó, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá kọ ẹ̀yìn sí òǹwòran, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àyà ara rẹ̀ bí ọwọ́ ọ̀gá ṣe ń kọjá. Ọwọ́ ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ kan etí rárá. Ìgbátí gidi lè dá awọ inú etí lu.

Ẹ má sì rò pé ìránṣẹ́ tó gbọ́n jẹ́ nǹkan kékeré. Louis XVI, ọba Faransé, fòfin de eré tí òǹkọ̀wé Beaumarchais kọ, níbi tí Figaro ìránṣẹ́ ti fọgbọ́n borí ọ̀gá rẹ̀. Ọdún 1784 ni wọ́n tó jẹ́ kí ará ìlú wò ó ní Paris.

Ohun tá a tún ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ní nǹkan tóun náà ń wá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ owó oṣù méjì tí wọn ò tíì san fún un. Kí ọ̀gá máa wá ṣíbí, kóun máa wá àyè béèrè owó. Nígbà náà, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" kan ṣoṣo á tó pa gbogbo ilé ìtàgé lẹ́rìn-ín.

Àwa olùdarí eré orí ìtàgé