Ògbólógbòó Yamaha tàbí Montesa: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Fort William

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù. Òjò ni tiwa níhìn-ín. Àwọn ọkọ̀ agẹdú ti sọ gbogbo ọ̀nà oko di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ ìnira fún gbogbo ará ìlú àfi èmi àti ẹni kejì mi tí a jọ ń gun alùpùpù lórí òkúta, eré tí wọ́n ń pè ní trial, níbi tí ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ti ń gba máàkì ìjìyà.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìbéèrè tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: nínú Yamaha TY175 àtijọ́ àti Montesa Cota 4RT tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ, èwo ni kí o mú? N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí o bá ṣì dúró lórí ìpinnu rẹ láti padà wálé lọ́dún méjì sí i, tí alùpùpù náà yóò sì bá ọ wọ ọkọ̀ ojú omi, Yamaha ni kí o rà. Bí o bá ti yí ọkàn padà, tí ó jẹ́ pé Skọ́tlándì ni o fẹ́ jókòó sí, má wulẹ̀ wo ojú Yamaha náà, Montesa ni kí o gbé.

O mọ̀ pé TY175 ni tèmi náà. Ọdún 1975 ni Yamaha kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wa ni. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ni mo ti rà á, ẹni tó tà á sì rò pé ọ̀kadà ọmọdé ni. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, àrùn kan ṣe é tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n tà á ní kìlókílò fún onírin àlòkù. Bí mo bá ti fi tọ́rótù sílẹ̀, kàkà kí ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, ńṣe ni yóò máa ké lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. O mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún irú eré tiwa yìí, níbi tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa rọra mí bí ẹni tó ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀. Mo tú kabúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi ẹnu fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀ títí epo fi bó mi ní ètè. Kò yí padà.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ọjà ni mo wá gbé e lọ bá. Baba náà ti ń tún ọ̀kadà tó ń lo epo àpòpọ̀ ṣe láti ayé Suzuki àti Jincheng, kí Bajaj tó gba ìgboro. Kò fọwọ́ kan kabúrétọ̀ rárá. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó sì fi hàn mí. Ẹnu púlọ́ọ̀gì náà funfun bí ẹfun, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó pọ́n dúdú bí àwọ̀ obì. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ ń jalè wọlé níbì kan. Ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn máginẹ́ẹ̀tì ni ẹ wò.” Ó ṣàlàyé fún mi pé ikùn ẹ́ńjìnnì irú èyí ni ó fi ń fa epo àti afẹ́fẹ́ kí ó tó tì wọ́n lọ sí orí písìtìn, àti pé bí síìlì tó dí ẹ̀gbẹ́ ikùn náà bá ti gan, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná, kò sì ní pẹ́ nọ́ọ̀kì.

Ibi tí a ti fẹ́ jà ni ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé òòlù láti fi gbá máginẹ́ẹ̀tì náà yọ. Mo figbe ta. Bí wọ́n bá fi òòlù ba ẹnu kíránkì jẹ́, ta ni yóò bá mi wá òmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú? Mo lọ bá onílẹ́ẹ̀tì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó gé púlà, irin tí a fi ń fa máginẹ́ẹ̀tì yọ, fún mi láti ara irin àlòkù, ọjọ́ méjì sì ni iṣẹ́ náà gbà á. Nígbà tí máginẹ́ẹ̀tì jáde, síìlì tí a bá lẹ́yìn rẹ̀ ti le bí èèpo àgbọn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn ni mo ti rí èyí tó bá a mu, inú àti òde, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tí n kò mọ̀ rárá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fi tọ́rótù sílẹ̀, ohùn rẹ̀ á balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ọmọ ìlú wa kan tó ti Sípéènì dé ló ni Montesa tí a jọ ń lò. Kí n má purọ́ fún ọ, alùpùpù náà dára. Kò ní ìjókòó, nítorí náà gbogbo ìyá tó bá rí i ló ń béèrè ibi tí èrò máa jókòó sí. Ìka kan ṣoṣo ni a fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Lórí àpáta tó wà lẹ́yìn oko kòkó, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kanlẹ̀ pẹ̀lú Yamaha, máàkì mẹ́ta nìyẹn. Mo gun tirẹ̀ lójú kan náà, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ rárá. Mo kàn dákẹ́. Bí a bá sì la odò kọjá, búréèkì tèmi tó wà nínú ìlù yóò ti mu omi, n óò máa sáré sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí Ọlọ́run nìkan ń dá dúró, nígbà tí tirẹ̀, tó jẹ́ díìsìkì, yóò mú ní kíá.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Oní-Montesa yìí ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lójú ọ̀nà, omi wà nínú rẹ̀. Irú epo bẹ́ẹ̀ ti wọ Yamaha mi rí. Mo da epo inú kabúrétọ̀ nù, mo nù ún, mo sì gùn ún lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń fún epo sínú Montesa kò ní kabúrétọ̀, kò tilẹ̀ ní bátìrì, ọpọlọ iná rẹ̀ ló ń ṣètò ohun gbogbo. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi dúró sí pálọ̀ kí fíltà tó ti Sípéènì dé. Ọ̀gá wa yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Èyí kì í ṣe ọ̀kadà, kọ̀ǹpútà tó ní táyà ni.”

Má rò pé àtijọ́ nìkan ló dára lójú mi. Ní ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni Sammy Miller, àgbà nínú eré yìí, ti fi alùpùpù Bultaco kékeré borí nínú ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Skọ́tlándì ní ọdún 1965, lẹ́yìn tó ti fi Ariel ńlá ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta (500cc) sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun lọ́jọ́ náà ni à ń pè ní àtijọ́ lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni Toni Bou, ọmọ Sípéènì tó ń ṣe eré yìí, ti ń fi Montesa gba ife àgbáyé láti ọdún 2007. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni mo ń wò.

Èyíkéyìí tí o bá rà, ọ̀rọ̀ táyà kan náà ni: má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ti ẹ̀yìn ju 5 psi lọ. Fọ́kánáísà wa kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Ó ní òun kò lè fi orúkọ òun ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ dé 30. Mo san owó rẹ̀, mo kúrò níwájú rẹ̀, mo sì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń jo afẹ́fẹ́ náà dànù.

O béèrè bóyá a máa ń gun inú Erédò Sùngbọ́. Rárá o. Mo mọ̀ pé ojú ibẹ̀ wọ ènìyàn lára, kòtò àti ògiri tó ga tó ogún mítà níbòmíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni, a kì í fi táyà bó o láwọ̀. Òkúta pọ̀ níhìn-ín.

Nígbà tí o bá lọ wo Yamaha náà, kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án kí o tó dé. Padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, kí o sì fi tọ́rótù sílẹ̀ lójijì, kí o gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ yóò balẹ̀. Wo èéfín: bí èéfín funfun bá nípọn tí kò sì dáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì jíà sì ń dín kù, síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ti lọ. Má tìtorí èyí sá fún un o, fi já owó rẹ̀ wálẹ̀ ni.

Bí ẹ bá sì dúnàádúrà tán, jọ̀wọ́, ra síìlì kíránkì méjì-méjì, tìrẹ àti tèmi, kí o sì wá ojúlówó púlà máginẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ọn. Èyí tí onílẹ́ẹ̀tì gé fún mi ti ń gbó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ará Ìjẹ̀bú-Igbó.